Bí a ṣe ń se gumbo Louisiana láì jó rúù mọ́ ìdí ìkòkò

Gumbo ni ọbẹ̀ tí àwọn ará Louisiana, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, fi ń jẹ ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó sọ fún mi pé àwọn ti se gumbo rí, ọbẹ̀ ilá ni wọ́n sè. Wọ́n rẹ́ ilá, wọ́n da edé àti sọ́séèjì sí i, wọ́n lọ ata rodo lé e lórí, wọ́n wá ní kò yàtọ̀ sí tiwa. Báwo ni ì bá ṣe yàtọ̀, nígbà tó jẹ́ pé tiwa gan-an ni wọ́n sè? Àwọn tó sì gbìyànjú láti ṣe é bí àwọn ará Louisiana ṣe ń ṣe é, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀: fúláwà tí à ń yan nínú òróró, tí wọ́n ń kọ ní roux. Rúù ni wọ́n ń pè é lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe máa kọ ọ́. Bí kò bá jóná mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì funfun, ọbẹ̀ á wá rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da adìẹ sí.

Ìkòkò mẹ́ta ni mo jó kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Màmá kan ní àdúgbò wa ní Houston, ọmọ bíbí ìhà Lafayette ní Louisiana, ló wá dúró tì mí nídìí sítóòfù lẹ́ẹ̀kẹrin. Wọn ò fọwọ́ kan ìkòkò rárá. Ohun tí wọ́n ṣáà ń sọ ni pé kò tíì yá, kí n máa rò ó.

Gumbo adìẹ àti sọ́séèjì ti ìhà ọ̀dọ̀ wọn ni a fẹ́ sè níbí. Ó tó èèyàn mẹ́jọ jẹ, ó sì máa ń gbà tó wákàtí mẹ́rin, nítorí náà ẹ má ṣe dáná rẹ̀ ní aago méje alẹ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Adìẹ kan tó tó kílò 1.5. Àgbébọ̀ líle tó ti yé ẹyin tán ló dára jù. Àwọn ìyá àgbà Louisiana náà, adìẹ tó ti gbó ni wọ́n ń wá fún gumbo, torí òun ló ń mú omi ọbẹ̀ dùn.
- Sọ́séèjì andouille, gíráàmù 450. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wá sọ́séèjì mìíràn tí wọ́n fi èéfín yan, tàbí apá tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan. Sọ́séèjì rírọ̀ inú agolo kò lè ṣiṣẹ́ yìí, torí èéfín gan-an ni à ń wá.
- Òróró ife 1, ìyẹn mílílítà 240. Ẹ má lo bọ́tà, yóò ti jóná kí rúù tó dúdú.
- Fúláwà ife 1, bíi gíráàmù 130. Fúláwà lásán, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti po ohun tó ń mú kéèkì wú mọ́.
- Àlùbọ́sà ńlá 2, igi sẹ́lẹ́rì 3, tàtàṣé aláwọ̀ ewé 1, aáyù ẹyọ 4.
- Ilá gíráàmù 350, tàbí ewé gígún tí wọ́n ń pè ní filé. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Mo máa ṣàlàyé rẹ̀ níwájú.
- Ewé bay 2, táìmù ṣíbí tíì kan, ata gígún, iyọ̀.
- Ìrẹsì funfun ife 2, àti ewé àlùbọ́sà tí ẹ máa bù sórí ẹ̀ nígbà jíjẹ.

Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń gbóná lójú kan ju òmíràn lọ, ojú ibẹ̀ ni fúláwà á ti jó. Ẹ tún wá ọmọrogùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ́, kó lè máa ha ìdí ìkòkò dáadáa. Kọ́rì kò sí níbẹ̀. Káún kò sí níbẹ̀. Ìjábẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ìgbésẹ̀ 1: Omi adìẹ

Ẹ gé adìẹ sí ńláńlá, ẹ bu omi lítà 2.5 lé e, ẹ fi èèpo àlùbọ́sà, ewé sẹ́lẹ́rì, ewé bay kan àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù. Adìẹ rírọ̀ á gbà tó ìṣẹ́jú 40. Àgbébọ̀ lè gbà tó wákàtí 2. Lẹ́yìn náà ẹ yọ adìẹ, ẹ bó ẹran kúrò lára eegun, ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi náà, kí ẹ sì jẹ́ kó fara balẹ̀ títí yóò fi lọ́ wọ́rọ́.

Mágí ni wọ́n ń fi ba ìgbésẹ̀ yìí jẹ́. Sọ́séèjì ń bọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ tirẹ̀, ọbẹ̀ náà á sì tún gbẹ díẹ̀ lórí iná. Iyọ̀ tó ṣe déédéé nísinsìnyí á pọ̀ jù ní wákàtí méjì òní.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí omi tó kù tó lítà 2. Bí kò bá tó, ẹ fi omi lásán kún un.

Ìgbésẹ̀ 2: Mẹ́talọ́kan

Àlùbọ́sà, sẹ́lẹ́rì, tàtàṣé aláwọ̀ ewé: Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ni wọ́n ń pe àwọn mẹ́ta yìí ní Louisiana, ìlú àwọn ìjọ Àgùdà. Àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti sẹ́lẹ́rì ni àwọn Faransé máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ tiwọn. Ní Louisiana tàtàṣé gba ipò kárọ́ọ̀tì. Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́ sínú abọ́ kan náà. Ẹ gún aáyù lọ́tọ̀.

Ẹ gé wọn báyìí, kí ẹ tó dáná rúù. Ẹni tó bá gbé òróró kaná tán kó tó máa wá ọ̀bẹ, òun ló ń jó ìkòkò. Mo mọ̀ ọ́n, torí bí ìkòkò mi àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn.

Bí a kò bá ṣọ́ra, ọwọ́ á tún máa yún wa láti lọ tòmátì àti tàtàṣé pupa sí i. Ní New Orleans, àwọn alásè kan máa ń fi tòmátì sí tiwọn. Ní ìhà Lafayette, wọn kò ní gbà fún yín. Ọmọ àwọn ará Acadia ni ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀, àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé kúrò ní Nova Scotia, ní Kánádà, lọ́dún 1755, tí ọ̀pọ̀ wọn wá bọ́ sí Louisiana. Rúù dúdú ni gumbo tiwọn fi ń yangàn, tòmátì á sì pa á lójú.

Ìgbésẹ̀ 3: Sọ́séèjì

Ẹ gé e róbótó-róbótó, ẹ dín in nínú ìkòkò náà láìfi òróró sí i títí ara rẹ̀ á fi pọ́n, ẹ kó o kúrò. Ọ̀rá tó bá ṣẹ́kù, ẹ kà á mọ́ òróró ife kan yẹn, kí àpapọ̀ wọn má ju ife kan lọ. Bí èérún bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ nu ún mọ́, torí èérún yẹn ló ń di kókó dúdú nínú rúù.

Faransé ló ni orúkọ andouille. Ṣùgbọ́n ìlú tó ń pe ara rẹ̀ ní olú ìlú andouille fún gbogbo ayé, LaPlace, etí odò Mississippi níbi tí àwọn ará Jámánì tẹ̀dó sí láti nǹkan bí ọdún 1721 ló wà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ilá (bí ilá ni ẹ yàn)

Ilá àti filé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń mú ọbẹ̀ fà díẹ̀. Ẹni bá kó méjèèjì pọ̀ á mọ̀ ọ́n lọ́nà ọ̀fun. Ìgbà tí ilá bá jáde ni wọ́n ń fi ilá sè é láyé àtijọ́. Bí ilá bá tán lóko, wọ́n á bọ́ sórí filé. Oríṣi mìíràn tún wà, gumbo oníẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní gumbo z'herbes, tí wọ́n ń kó oríṣiríṣi ewé sí. Ìyá Leah Chase, tó kú lọ́dún 2019 lẹ́ni ọdún 96, máa ń sè é ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ fún àwọn èrò ilé oúnjẹ Dooky Chase's ní New Orleans. Ìyẹn gba ìtọ́sọ́nà tirẹ̀.

Ẹ rẹ́ ilá, ẹ fi òróró ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta dín in nínú páànù lórí iná ìwọ̀nba fún bíi ìṣẹ́jú 20, kí ẹ máa yí i. Ó máa kọ́kọ́ fà burúkú, yóò dà bíi pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ má dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbẹ. Páànù irin dúdú kò dára fún un, torí ilá á dúdú bí ẹ̀lú nínú rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ṣíbí gbé ilá díẹ̀ sókè. Bí okùn kankan kò bá tẹ̀ lé e, ó ti yá. Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn kan, torí fífà yẹn gan-an ni à ń tìtorí rẹ̀ se ilá nílé.

Láti èdè Bantu ni ọ̀rọ̀ gumbo ti wá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe gbà: ní ìhà Angola, kingombo ni wọ́n ń pe ilá. Nítorí náà ẹni tó bá ní ọbẹ̀ ilá ni gumbo, kò parọ́ ní ti orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló di quimbombó ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń gbé e fún Ṣàngó. Ní Bahia, ní Brazil, ẹ gbọ́ èyí: oúnjẹ Ṣàngó tí wọ́n ń pè ní amalá níbẹ̀, ilá ni wọ́n fi ń sè é. Orúkọ ọkà wá bọ́ sára ọbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Rúù

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá. Ẹ lé àwọn ọmọdé jáde. Ẹ wọ aṣọ tó bo ọwọ́. Ohun tó wà nínú ìkòkò yìí gbóná ju omi híhó lọ púpọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara bí àtè. Ìdí nìyẹn tí àwọn alásè Louisiana fi sọ ọ́ lórúkọ napalm, àdó olóró tó ń lẹ̀ mọ́ni lára.

Ẹ gbé òróró kaná, iná ìwọ̀nba. Bó bá ti ń ràn yẹ́ríyẹ́rí, kó tó máa rú èéfín, ẹ bu fúláwà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ wá dín iná kù sí díẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ọmọrogùn kò gbọdọ̀ dúró. Ẹ máa ha ìdí ìkòkò, ẹ máa ha kọ̀rọ̀ rẹ̀, torí kọ̀rọ̀ ni fúláwà ń sá pamọ́ sí tó fi ń jó.

Ojú àti imú ni ẹ máa fi ṣọ́ ọ, ẹ má gbára lé aago, nítorí iná sítóòfù kò dọ́gba. Ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi gààrí Ìjẹ̀bú, á ṣì máa rùn fúláwà tútù. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, ó máa ń ta sánsán bíi gúgúrú, àwọ̀ rẹ̀ á wá bọ́ sí ti ẹ̀pà yíyan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé ó tó. Kò tó. Ní ìṣẹ́jú 20 tàbí 25 ó di àwọ̀ kùlíkùlí. Ó tún máa ṣàn sí i lójú yín, bíi pé ẹ bu òróró kún un, torí bí fúláwà ṣe ń dúdú sí i ni agbára rẹ̀ láti mú ọbẹ̀ ki ń dín kù. Ẹ má ṣe bu fúláwà mìíràn lé e! Èyí tuntun á wà ní tútù láàárín èyí tó ti yan.

Láti kùlíkùlí lọ, eré ló ń sá. Òórùn rẹ̀ á lọ sí ti kọfí díẹ̀. Ibi tí a ń lọ ni àwọ̀ Bournvita tí wọ́n ti pò tí wọn kò tíì bu mílíìkì sí, bíi ìṣẹ́jú 35 sí 45 lápapọ̀. Ìgbà yìí ni màmá Lafayette dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ, tí wọ́n tẹ ojú mọ́ ìkòkò bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọjá títì.

Bí apá bá ń ro yín, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí ẹ sinmi, ṣùgbọ́n ẹ máa rò ó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, torí ooru ìdí ìkòkò kò tíì lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gbé díẹ̀ sórí àwo funfun. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ rí, kó máa dán. Bí ẹ bá rí èérún dúdú wínníwínní, tí ó ń rùn bíi búrẹ́dì tó jó, ó ti bàjẹ́. Omi kò lè tún un ṣe, ṣúgà kò lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ dà á nù sínú agolo, ẹ fọ ìkòkò, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Fúláwà ife kan kò tó nǹkan. Adìẹ odindi ni ẹ fẹ́ dáàbò bò.

Ẹni tí kò ní sùúrù fún gbogbo èyí lè yan fúláwà gbígbẹ nínú ààrò gáàsì ní ìwọ̀n 190 Celsius fún bíi wákàtí kan, kó máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó wá pò ó mọ́ òróró nígbà tó bá pọ́n dáadáa. Wọ́n tilẹ̀ ń ta rúù nínú ìgò ní gbogbo ọjà Louisiana. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Èmi ò kàn fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Pípa iná rúù

Ní kété tí àwọ̀ bá ti pé, ẹ da Mẹ́talọ́kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ké ṣàà, ooru á sọ sókè, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀. Omi ara ewébẹ̀ yẹn ló ń dá rúù dúró kó má dúdú mọ́, ìdí tí mo fi ní kí ẹ gé e sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 7 títí àlùbọ́sà á fi rọ̀, kí ẹ tó fi aáyù, táìmù àti ata gígún sí i. Ata gígún wa le ju tiwọn lọ. Ìdajì ṣíbí tíì tó.

Ìgbésẹ̀ 7: Omi

Ẹ bu omi adìẹ sí i, ìgbákọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ tó bu òmíràn. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, rúù á di kókó, òróró á sì léfòó lọ́tọ̀. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ síi yín, ẹ mú iná le, kí ẹ rò ó kíkankíkan. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Ẹ da sọ́séèjì padà, ẹ fi ewé bay kejì sí i, ẹ jẹ́ kó hó, kí ẹ wá dín iná kù kó máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún wákàtí kan ó kéré tán. Òróró á máa gun òkè, pàápàá létí ìkòkò. Ẹ máa fi ìgbákọ̀ yọ ọ́. Àwa tí a ka òróró tó léfòó sí ẹwà ọbẹ̀, ó yẹ ká sọ fún ara wa pé níbí, àbùkù ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ sí adùn fúláwà lẹ́nu mọ́. Ó gbọdọ̀ bo ẹ̀yìn ṣíbí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kó ṣàn ju gbẹ̀gìrì lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹran àti ilá

Ẹ da ẹran adìẹ àti ilá dídín sí i, ìṣẹ́jú 20 sí i. Ìgbà yìí ni ẹ máa fi iyọ̀ sí i, kì í ṣe ṣáájú. Ẹni bá fẹ́ edé tútù, ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni kó dà á sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á le bí rọ́bà. Edé gbígbẹ ńkọ́? Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Ní etí omi Barataria ní gúúsù New Orleans, àwọn ará Philippines àti àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í sá edé lórí pèpéle igi ní ọ̀rúndún 19, àwọn kan níbẹ̀ sì ń fi edé gbígbẹ se gumbo títí di òní. Ẹ̀kúnwọ́ kan, láti Ìgbésẹ̀ 7, kò ní ba nǹkan jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìrẹsì

Ẹ se ìrẹsì funfun lọ́tọ̀, kó dá ṣáká-ṣáká. Ẹ má ṣe dà á sínú ìkòkò gumbo. Yóò mu gbogbo omi rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá yín pẹ̀lú àsáró. Ọdún 1719 ni ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ tó kó ẹrú láti Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Louisiana, wọ́n sì ti pàṣẹ fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà pé kí wọ́n ra irúgbìn ìrẹsì, kí wọ́n sì wá àwọn tó mọ bí a ṣe ń gbìn ín. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n kó ní ẹrú, ìmọ̀ wọn ló sì wà nínú àwo yìí.

Ìgbésẹ̀ 10: Bíbù

Ẹ bu gumbo sínú abọ́ jíjìn, kí ẹ fi ìrẹsì díẹ̀ sí àárín, bíi ẹ̀kúnwọ́ kan. Ọbẹ̀ ló ni àwo, ìrẹsì kàn bá a dé ni. Ẹ wọ́n ewé àlùbọ́sà lé e. Ní ìhà Lafayette, wọ́n tún máa ń fi sàláàdì ànàmọ́ òyìnbó sínú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó bá mi jà.

Bí filé ni ẹ yàn, ìgbà yìí ni àkókò rẹ̀. Ewé igi sassafras tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n gún ni, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Choctaw ló sì ti wá. Ìdajì ṣíbí tíì fún abọ́ kan, lórí tábìlì. Ẹni tó bá dà á sínú ìkòkò tó ń hó, okùn ni yóò máa fà jẹ. Bí ìkòkò bá sì tún padà sórí iná lọ́la, á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ pín in sí abọ́ kéékèèké kó lè tutù kíá, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń jẹ ẹ́ dé. Ìrẹsì wà lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá á ti dì lórí rẹ̀: ẹ fi ṣíbí gbé e kúrò kí ẹ tó gbé e kaná, kí ẹ sì bu omi díẹ̀ sí i, torí á ti ki ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ.